Òpó tí Kò Fẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀: Ṣọ́ọ̀ṣì Onígi Urnes

Ẹ hú òpó ọgbà kan tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó jìn wọ inú ilẹ̀ lè ṣì le koko. Òkè rẹ̀ tó ń gba atẹ́gùn náà ṣì le. Ibi tí igi àti ilẹ̀ ti pàdé, tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ibẹ̀ ló ti rà bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Olú tó ń jẹ igi kò lè ṣe láìsí omi, kò sì lè ṣe láìsí atẹ́gùn. Ojú ilẹ̀ ló ti ń rí méjèèjì pa pọ̀ lójoojúmọ́. Nílé wa níbí, ikán á ti parí iṣẹ́ kí olú tó dé. Nọ́wè kò ní ikán, olú ló ni gbogbo rẹ̀.

Ní Nọ́wè yìí ni ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà tó ti wà lórí ìdúró láti nǹkan bí ọdún 1132. Urnes ni wọ́n ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, Ornes ni wọ́n ń kọ ti abúlé tó wà, ọ̀kan náà sì ni. Abúlé kékeré ni, lórí ilẹ̀ tó yọ sínú omi Lustrafjord, tí í ṣe ẹ̀ka Sognefjord, apá òkun tó gùn wọ inú ilẹ̀ láàárín òkè, ní agbègbè Sogn ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn kọjá láti Solvorn ní òdìkejì, lẹ́yìn náà ẹ óò fẹsẹ̀ gun òkè, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì náà fi nǹkan bí 120 mítà ga ju omi lọ. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1979. Ọnà ara ògiri rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ọgbọ́n tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà dá sí ẹsẹ̀ òpó, kò ní sí ọnà kankan tí ẹnì kan máa rìnrìn-àjò lọ wò.

Stavkirke ni àwọn ará Nọ́wè ń pe irú ilé yìí. Stav ni òpó, kirke ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì olópòó, ká kúkú pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ti kọ́ ọ ṣáájú

Ọdún 1030 ni wọ́n pa Ọba Olav Haraldsson lójú ogun ní Stiklestad. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́, ẹ̀sìn Kristi sì gbilẹ̀ ní Nọ́wè láti ìgbà náà. Àwọn olówó àti olóyè abúlé ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí ilẹ̀ ara wọn. Ìdílé ńlá kan ló ni Ornes, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní abúlé kékeré bẹ́ẹ̀ fi ga tó báyìí.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn walẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ní 1956 àti 1957, wọ́n bá ihò òpó ti ilé mìíràn. Wọ́n ti rì àwọn òpó yẹn mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó ọgbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tó sì ń ṣe òpó ọgbà ló ṣe wọ́n. Irú ihò bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Nọ́wè. Ó gba àwọn oníṣẹ́ ní ìran bíi mélòó kan kí wọ́n tó gbà pé ilẹ̀ kò ṣe é fi òpó sí.

Àwọn pákó kan tún wà lára ògiri òní tó dàgbà ju ilé náà lọ. Wọ́n tú wọn lára ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1070: ẹnu ọ̀nà gbígbẹ́ kan, pákó ògiri méjì, òpó igun kan, àti pákó ojú òrùlé. Báwo la ṣe mọ ọdún? Òrùka inú igi ni. Ọdọọdún ni igi páìnì, tí wọ́n fi kọ́ ọ, ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀. Ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ bá móoru, òrùka náà á fẹ̀. Ọdún tí òtútù bá mú jù, á tín-ín-rín. Bí àwọn òrùka náà ṣe ń fẹ̀ tí wọ́n ń tín-ín-rín tẹ̀ léra kì í bá ti ìgbà mìíràn mu. Nítorí náà, wọ́n á fi igi tí a kò mọ ọdún rẹ̀ wé èyí tí a mọ̀, títí wọ́n á fi rí ibi tí méjèèjì ti ṣe déédéé. Bí òrùka tó kẹ́yìn, tó wà lábẹ́ èèpo gan-an, bá ṣì wà lára igi, wọ́n á mọ ọdún tí wọ́n gé e, nígbà mìíràn àní sáà tí wọ́n gé e. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti fi àáké ṣá òrùka ìta yẹn kúrò, kí ọ̀rọ̀ di "nǹkan bí" ló kù.

Igi kí ó tó di pákó

Páìnì ni igi náà, èyí tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù tí òrùka rẹ̀ sì há mọ́ra. Bí ẹ bá gé e ní ìdábùú, ẹ óò rí apá méjì: ibi funfun tó wà lábẹ́ èèpo, àti ibi pupa tó wà láàárín. Ibi funfun ni omi ń gbà nígbà tí igi wà láàyè, òun náà sì ni olú ń kọ́kọ́ jẹ. Ibi pupa kún fún oje. Ibi pupa yìí ni wọ́n ń wá, àwọn ará Nọ́wè sì ń pe irú igi tó jẹ́ pé pupa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní malmfuru.

Wọn kò fi ayùn la ìtì. Ayùn tí omi odò ń wà kò tíì dé Nọ́wè, nǹkan bí ọdún 1500 ló tó dé. Èèkàn ni wọ́n ń gbá wọ inú ìtì títí yóò fi là sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan á sì di pákó kan ṣoṣo. Ìtì odindi kan fún pákó méjì! Ẹni tó bá ń ra pákó lọ́jà lónìí á ní ìfiṣòfò gbáà ni. Ṣùgbọ́n igi tí a là ń tẹ̀ lé iṣan ara rẹ̀. Ayùn ń gé iṣan igi kọjá, ó ń ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún omi. Pákó tí a là, ojú iṣan rẹ̀ kò là, òjò á sì ṣàn kọjá lára rẹ̀.

Lẹ́yìn lílà, wọ́n á fi àáké dán an. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fi àáké jó sẹ́yìn lára igi ní ìwọ̀n kan náà, tí àpá àáké á tò bí egungun ẹja láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n náà ti pa rẹ́ pátápátá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà wa ló padà kọ́ ọ nípa wíwo àpá ara igi àtijọ́ àti rírọ àáké tó jọ ti ìgbà náà. Wọ́n rí i pé bí irin àáké kò bá ní ìrísí tó yẹ, àpá náà kò ní jáde bí ó ti yẹ bó ti wù kí ọwọ́ mọ́ tó.

Bí wọ́n ṣe gbé òpó kúrò nílẹ̀

Ẹ wo àmì tó wà nísàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún bọ́tìnnì fóònù, #. Irú ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì olópòó nìyẹn. Wọ́n á to òkúta pẹlẹbẹ sílẹ̀, wọ́n á sì gbé ìtì mẹ́rin lé e: méjì láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, méjì láti àríwá sí gúúsù. Níbi tí wọ́n ti kọ ara wọn, wọ́n á gbẹ́ ìdajì nínú ọ̀kan àti ìdajì nínú èkejì kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Àwọn òpó ńlá ti gbọ̀ngàn àárín máa ń dúró lórí ìtì wọ̀nyí. Orí ìtì tó yọ kọjá sí ìta kì í ṣe àṣekù. Òun ló ń gbé ìtì mìíràn tó yí gbogbo ilé ká, orí ìtì ìta yìí sì ni ògiri dúró sí.

Nítorí náà, igi kankan kò kan ilẹ̀. Òkúta ló kan ilẹ̀, ìtì kan òkúta, òpó kan ìtì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ kọjá nísàlẹ̀ ilé láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Igi tó bá rin lóru á gbẹ lọ́sàn-án.

Òpó igun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọn kò gbé e lé ìtì lásán. Wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè gun ibi tí ìtì méjì ti pàdé bí ẹni gun ẹṣin, ẹsẹ̀ kan lápá ibí, ẹsẹ̀ kan lápá ọ̀hún. Omi tó bá ṣàn wálẹ̀ lára òpó á kọjá lórí oríkèé náà, á sì kán sílẹ̀ ní ìta, kò ní wọ inú ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, oríkèé ni gbogbo ilé onígi ti ń kú.

Ògiri ńkọ́? Pákó òòró ni. Wọ́n gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ìtì ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ irú rẹ̀ sábẹ́ ìtì tó wà lókè ògiri. Ẹsẹ̀ pákó wọ ti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ wọ ti òkè. Láàárín pákó sí pákó, etí ọ̀kan ní ahọ́n, etí èkejì ní kòtò tí ahọ́n náà ń kì bọ̀. Èyí tó kẹ́yìn nínú ògiri kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ bí èèkàn, tó fẹ̀ lókè tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, wọ́n á wá gbá a wọlé láti òkè kí gbogbo ìyókù lè fún mọ́ra. Ìṣó irin kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, èèkàn igi ló pọ̀ jù.

Ìdí wà tí pákó fi wà lóòró. Igi kì í súnkì ní gígùn rẹ̀, ní fífẹ̀ ló ti ń súnkì. Ilé tí wọ́n fi ìtì tò dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, irú èyí tó pọ̀ ní Poland àti Rọ́ṣíà, máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bí igi ṣe ń gbẹ, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé á sì há. Ògiri òòró kì í rẹ̀ sílẹ̀. Pákó rẹ̀ ló máa ń súnkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ahọ́n inú kòtò á sì yọ díẹ̀ láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ rí àyè kọjá.

Àlébù tó wà nínú ọgbọ́n yìí kò kéré o. Kòtò ojú ìtì ìsàlẹ̀ yẹn kọjú sókè. Omi tó bá ṣàn lára ògiri ní àyè láti dúró sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ pákó á sì máa mu ún bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ibẹ̀ ni ìjẹrà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta yí ògiri ká, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Borgund tó wà ní agbègbè Sogn kan náà, tí igi rẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 1180. Gbogbo ènìyàn ló ń ya àwòrán orí òrùlé Borgund tó gun ara wọn lórí àti orí dírágónì tó yọ lókè rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ tí kò jọni lójú yẹn ló gba ẹ̀mí ilé náà là.

Ìjì ni ọ̀tá kejì. Òpó gíga tí kò rì mọ́lẹ̀ kò ní ohun tó dì í mú ju orí ara rẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìtì de àwọn òpó pọ̀ ní àárín, wọ́n fi igi méjì tó kọ ara wọn bíi X sí àlàfo òpó àti òpó, wọ́n sì fi orúnkún igi sí igun. Orúnkún yìí, wọn kì í gé e láti ara pákó títẹ́. Ibi tí gbòǹgbò ti yà kúrò lára ìdí igi ni wọ́n ń lọ gé, níbi tí igi ti tẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣan rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìtẹ̀ náà, kò ní là. Bí ẹ bá gé ìrísí kan náà láti ara pákó títẹ́, iṣan á kúrú níbi ìtẹ̀, ìjì àkọ́kọ́ á sì ṣẹ́ ẹ.

Òrùlé rẹ̀ ga, ó sì dà gan-an kí yìnyín lè yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn pákó pẹlẹbẹ kéékèèké ni wọ́n fi bo irú òrùlé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tò léra bí ìpẹ́ ẹja.

Ẹnu ọ̀nà àríwá

Ẹ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá kí ẹ tó wọlé. Ògiri ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn pákó 1070 sí.

Ẹnu ọ̀nà náà há, ìrísí rẹ̀ jọ ti ihò kọ́kọ́rọ́: ó yíká lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Lápá òsì rẹ̀, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan dúró, ọrùn rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ajá ọdẹ. Ó bu ejò kan ṣán. Ejò náà kò dákẹ́, ó yí padà, ó bu òun náà ṣán lọ́rùn. Láti ibẹ̀ lọ sókè, gbogbo pákó kún fún ẹ̀dá tó lọ́ mọ́ ara wọn. Ojú kọ̀ọ̀kan gùn bí èso álímọ́ńdì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí.

Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ fi ojú tọ̀ ọ́. Ó fẹ̀ níbi èjìká, ó ń tín-ín-rín lọ níbi ìdí, ó di okùn, ó gba abẹ́ ẹlòmíràn kọjá, ó gba orí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sì parí sí ìrù tàbí ewé kékeré kan. Okùn oríṣi méjì ló wà, fífẹ̀ àti tínínrín, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣe òǹkà mẹ́jọ, 8, léraléra. Kò sí ibi tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ti gbàgbé èyí tó yẹ kó wà lókè àti èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wọlé jìn, àwọn ẹ̀dá náà sì yọ síta tí òjìji fi ń bọ́ sábẹ́ wọn. Ẹ tún kíyè sí i pé púpọ̀ nínú okùn náà dà gẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó gba òòró, díẹ̀ ló gba ìbú tààrà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá gba ìbú lórí igi òòró, iṣan kúkúrú ló máa ní, á sì kán bí bísíkíìtì. Ẹni tó ya àwòrán yìí mọ igi dáadáa kí ó tó gbé ìfági àti irin gbígbẹ́.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Àwọn kan ní kìnnìún ni ẹranko náà, àmì Kristi tó ń bá ibi jà. Àwọn mìíràn ní Níðhöggr ni, ejò inú ìtàn àbáláyé àwọn ará àríwá tó ń jẹ gbòǹgbò igi Yggdrasil. Ní tèmi, ẹni tó san owó iṣẹ́ náà lè ti jẹ́ onígbàgbọ́ kí ẹni tó gbẹ́ ẹ sì máa lo ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Kò di dandan kí a mú ọ̀kan jù èkejì nù. Ohun tó dájú ni pé àṣà yìí tàn kálẹ̀. Ẹ óò rí i lára òkúta tí wọ́n gbẹ́ rúnì, lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù, sí ní Uppland ní Swídìn, àti lára Àgbélébùú Cong tí wọ́n fi irin olówó iyebíye ṣe ní Ireland ní nǹkan bí 1123. Lára pákó abúlé yìí ni gbogbo rẹ̀ ti gba orúkọ: àṣà Urnes.

Ohun kan ṣì ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tó kọ́lé ní 1132 tú ẹnu ọ̀nà olówó ńlá yìí lára ilé àtijọ́, wọn kò fi í síwájú níbi tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yìn àríwá ni wọ́n gbé e lọ. Bóyá àṣà tuntun ló ti dé, kò jọ wọ́n lójú mọ́. Yálà wọ́n gbèrò rẹ̀ tàbí wọn kò gbèrò rẹ̀, ohun tó ṣe é lóore nìyẹn: oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ tan sí àríwá, oòrùn ló sì ń pa igi tí a fi ọ̀dà kùn ní ojú.

Nínú ilé

Bí ẹ bá wọlé, ojú á kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ihò róbótó kéékèèké lókè ògiri nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn fèrèsé tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n gé wọn. Kò sí àga fún ìjọ, ìdúró ni wọ́n fi ń gbọ́ ìsìn.

Àwọn òpó náà yíká róbótó, wọ́n sì ní orí tí wọ́n gbẹ́ bí òkúta tí wọ́n gé igun rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọrun igi láàárín òpó sí òpó. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta ti ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà ni wọ́n fi igi ṣe àwòkọ rẹ̀. Ẹ wo ojú orí òpó kọ̀ọ̀kan: kìnnìún wà níbẹ̀, ẹyẹ wà, àgbọ̀nrín wà, ẹ̀dá tó jẹ́ ènìyàn lókè tó jẹ́ ẹṣin nísàlẹ̀ náà wà. Gbígbẹ́ wọn kò jìn, ó tẹ́, kò jọ ti ẹnu ọ̀nà àríwá rárá. Ọgọ́ta ọdún ló wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ lè rò pé ìlú méjì ni.

Lókè ọ̀nà tó wọ ibi pẹpẹ, ère Jésù lórí àgbélébùú wà pẹ̀lú Màríà àti Jòhánù, láti àwọn ọdún 1100. Ṣọ́ọ̀ṣì náà tún ní ọ̀pá fìtílà méjì tí wọ́n fi àwọ̀ dídán sun sára irin ní Limoges ní Faransé, àti ohun ìgbé-fìtílà onírin kan tí wọ́n rọ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ronú sí i: ọjà Limoges nínú abúlé orí òkè kan ní Sogn. Gbogbo bí wọ́n ṣe gùn ibi pẹpẹ sí i, tí wọ́n kun ògiri inú, tí wọ́n sì gbé àga àti pẹpẹ tuntun wọlé, ẹ̀yìn ìyípadà ẹ̀sìn ọdún 1537 ni, nígbà tí Nọ́wè kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì bọ́ sí ti Luther, púpọ̀ rẹ̀ sì wáyé ní àwọn ọdún 1600. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ lè rí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ohun kan tó kéré ju gbogbo ìyẹn lọ wà lára ògiri. Ẹnì kan fi ẹnu ọ̀bẹ há lẹ́tà rúnì síbẹ̀: Árni àlùfáà fẹ́ láti ní Inga. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá Árni fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, bóyá ẹni tó fẹ́ dójú tì í ni, igi kò sọ.

Ọ̀dà

Gbogbo ohun tí mo ti sọ kò tó bí kò bá sí ọ̀dà. Kì í ṣe ọ̀dà títì tó ń ti inú epo rọ̀bì wá. Ọ̀dà igi ni, irú èyí tí ẹni tó ka ìtàn Nóà máa rántí pé ó wà lára ọkọ̀ nínú àti lóde.

Gbòǹgbò àti kùkùté páìnì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kùkùté tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gé igi ló dára jù, nítorí ibi funfun rẹ̀ á ti jẹrà kúrò fúnra rẹ̀, ibi tó kún fún oje nìkan á ṣẹ́ kù. Wọ́n á là á wẹ́wẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rí bíi fọ́nẹ́lì, wọ́n á fi èèpo igi birch tẹ́ ẹ kí ọ̀dà má bàa wọlẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ náà ni wọ́n á tò dà sí àárín, wọ́n á fi ewé àti koríko tilẹ̀tilẹ̀ bò ó, wọ́n á sì ti iná bọ̀ ọ́ ní etí.

Iṣẹ́ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná náà kò gbọdọ̀ jó, gbígbóná ló gbọdọ̀ máa gbóná láìsí atẹ́gùn. Bí koríko bá là níbì kan tí atẹ́gùn wọlé, ọ̀wọ́ iná á yọ, ọ̀dà tí ẹ ń retí ni yóò sì jó. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó máa di ibi tó bá là. Èéfín àti omi ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Èyí tó kọ́kọ́ jáde mọ́lẹ̀, ó sì ṣàn dáadáa. Èyí tó jáde kẹ́yìn dúdú, ó sì ki.

Kíkùn rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn mú, tí igi ti gbẹ, ni kí wọ́n kùn ún, kí ọ̀dà náà sì ti gbóná kó lè wọ inú igi. Ẹni tó bá kùn ún sórí igi tútù ti ti omi mọ́nú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó kùn ún nípọn, ojú rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí oòrùn bá sì mú, á ṣàn wálẹ̀ lára ògiri. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, léraléra, ló ń dára. Wọ́n tún máa ń po ìyẹ̀fun èédú mọ́ ọn kí oòrùn má bàa tètè jẹ ẹ́. Ògiri gúúsù ló ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà, ti àríwá lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá wo ṣọ́ọ̀ṣì olópòó kan yí ká, gúúsù rẹ̀ pupa bí kọfí tí wàrà wà nínú rẹ̀, àríwá rẹ̀ dúdú kirikiri.

Ohun tó ń dáàbò bo ilé náà ló tún lè pa á, nítorí ọ̀dà ń jó geere. Ṣọ́ọ̀ṣì Fortun, tí wọ́n kọ́ sí àfonífojì kan ní òpin Lustrafjord kan náà, ni wọ́n tú ní 1883 tí wọ́n sì lọ tò sí Fantoft lẹ́bàá Bergen. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1992, ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ún, ó sì jó kanlẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n parí ní 1997 ló wà níbẹ̀ báyìí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn iná àti ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sí àwọn tó kù.

Àwọn tó kù

Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ó lé ní 1,000 irú ṣọ́ọ̀ṣì yìí tó wà ní Nọ́wè nígbà kan. 28 ló kù. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1349 pa ọ̀pọ̀ abúlé run, ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìjọ kò sì ní ẹni tó máa fi ọ̀dà kùn ún. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1851 ló ba èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ jù: ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ará ìjọ. Ilé olópòó kéré. Wọ́n wó wọn, wọ́n tà wọ́n fún pákó. Kí òfin náà tó jáde ni oníṣẹ́ ọnà J. C. Dahl ti ń pariwo. Òun ló ra ṣọ́ọ̀ṣì Vang ní 1841 kí wọ́n má bàa bà á jẹ́. Ọba Prussia nílẹ̀ Jámánì, Friedrich Wilhelm Kẹrin, gbà á, ilé náà sì wà ní Karpacz ní Poland títí dòní. Ẹgbẹ́ Fortidsminneforeningen, tó ń dáàbò bo ohun àtijọ́ Nọ́wè, tí Dahl sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1844, ló ra Urnes ní 1881 nígbà tí wọ́n fòpin sí ìjọ ibẹ̀. Abúlé tó kéré tí kò sì lówó láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, òun ló gba tàtijọ́ là.

Láti 2001 sí 2015, ìjọba Nọ́wè tún gbogbo 28 náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Urnes, ìpìlẹ̀ ni wọ́n mójú tó jù: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀, ilé náà sì ti ń tẹ̀. Níbi tí òpó tàbí pákó bá ti jẹrà, ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé ni pé ibi tó rà nìkan ni wọ́n máa gé, kì í ṣe odindi. Wọ́n á fi jáàkì gbé ilé díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gé ibi tó rà dànù, wọ́n á fi páìnì tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ bíi ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n fi àáké gbẹ́. Igi tuntun tí òrùka rẹ̀ fẹ̀, tó yára dàgbà nínú oko igi, kì í pẹ́ lára ògiri bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dán an wò nínú àtúnṣe àtijọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti rà tí pákó ọdún 1132 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì le.

Bí ẹ bá débẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ẹnu ọ̀nà àríwá tẹ́rùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ìtì ìsàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín òkúta àti òkúta gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí koríko bá ti hù dí i, tàbí tí ewé gbígbẹ bá kó síbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.